Bí Mo Ṣe Gun Òkè Olúmirin Dé Ipele Keje

Àwa tí a ń gbé ní Òṣogbo kì í sábà ka omi sí ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ rìnrìn àjò, nítorí pé odò Ọ̀ṣun wà nítòsí wa, Igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005 sì wà ní ìlú wa. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni Ọ̀ṣun tiwa ń ṣàn láàárín igbó. Omi Olúmirin tó wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ń já bọ́ láti orí òkè ní ipele méje, mo sì pinnu láti gùn ún dé èyí tó ga jù, kí n padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Mo kúrò nílé ní ìdájí. Ní Iléṣà ni mo ti wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́, mo sì pe orúkọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní kíkún fún awakọ̀, nítorí pé Ẹ̀rìn-Òkè náà wà lójú ọ̀nà yẹn, ẹni tó bá sì pe Ẹ̀rìn lásán lè bá ara rẹ̀ níbi tí kò fẹ́.

Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́kadà pè mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rìn. Kò pẹ́ tí mo fi bá ìyá àgbà kan tó sá kòkó sórí tapólì lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tú u ká. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má fi aṣọ funfun nulẹ̀. Ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Bí mo ṣe dárúkọ Òṣogbo báyìí, ẹ̀rín ló bú sí.

“Ọmọ Òròkí! O fi omi Ọ̀ṣun sílẹ̀ nílé, o wá ń wo tiwa!”

Ó bu kòkó díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fún un mọ́wọ́ kí n tẹ́tí sí i: bó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ti gbẹ nìyẹn. Tèmi kò dún. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé kí n yẹra fún àpáta tó bá dúdú tó sì ń dán, kí n máa gba ibi tí gbòǹgbò igi wà. Ìmọ̀ràn yẹn wúlò fún mi ju gbogbo ohun tí mo dì sínú àpò lọ.

Mo san owó lẹ́nu géètì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń mú àlejò gòkè sì tẹ̀ lé mi. Ó sọ pé gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìlú àwọn, Akinlà, ọmọbìnrin kan láti ìran Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi náà ní ọdún 1140. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ibi tí omi ti kọ́kọ́ já lulẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, tí ariwo omi kì í sì í jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí pé bí èèyàn bá ti ń lọ sókè, tọwọ́tẹsẹ̀ ló kù tí yóò máa fi gùn ún.

Níbi tí mo ti dì mọ́ gbòǹgbò kan, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ni bàbá àgbẹ̀ kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí. Mo kí i pé, “Àroko bọ́dún dé o, bàbá.” Ó dáhùn pé, “Àṣẹ, ọmọ mi, rọra o,” ó sì kọjá bí ẹni tó ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a dé ipele keje, omi tó ń bú ramúramù nísàlẹ̀ kò ju ìṣàn tí èèyàn lè fẹsẹ̀ là kọjá lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. A bá tọkọtaya kan ní ahéré wọn, tí wọ́n ń jẹ iṣu sísun àti epo. “Ẹ wá jẹun” tí wọ́n sọ kì í ṣe ti ẹnu lásán, nítorí pé kí n tó dáhùn ni ìyàwó ti ha iṣu mìíràn. Mo fẹ́ fún wọn lówó, ọkọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ ṣe wọ́n lóore, kí n bá wọn gbé ata rodo inú ọ̀rá kan fún ìyá tó ń tajà nítòsí géètì.

Sísọ̀ kalẹ̀ le ju gígùn lọ, ẹ̀yìn sì ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá ga, tí mo kọjú sí àpáta. Ata náà dé láìfọ́. Ìyá náà tú ọ̀rá, ó wò ó dáadáa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n bá òun sọ fún wọn pé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pọ̀ ju èyí lọ.