Bí a ṣe lè dá ọ̀wọ́ eré sílẹ̀ fún fíríì jáàsì àti orin àdálójú-agbo

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọ̀wọ́ eré sílẹ̀ fún fíríì jáàsì àti orin àdálójú-agbo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ohun tí ó fẹ́ gbé síwájú àwọn òǹgbọ́. Àwọn tí ń ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ lè gun orí ìtàgé láìsí orin tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí, láìsí àdéhùn nípa ìlù tàbí ohùn tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn ni ó ń darí wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1960, Ornette Coleman, onísasofóònù ará Amẹ́ríkà, àti olórin méje mìíràn pín ara wọn sí agbo ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin méjì. Ìwọ̀nba ìlà orin kúkúrú ni wọ́n mú bọ̀ láti ilé, síbẹ̀ wọ́n ṣeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 37 láìdáwọ́ dúró, orúkọ tí wọ́n sì fún àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà nígbà tí ó jáde ní ọdún 1961, Free Jazz, ni a fi ń pe irú orin yìí títí di òní. Nítorí náà, ìpàdé ni ẹ óò máa ṣètò, ìpàdé àwọn tí wọ́n mọ ọ̀nà à ń gbọ́ra ẹni, ohunkóhun tí kò bá sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra dáadáa ni kí ẹ mú kúrò lọ́nà.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ẹ wá yàrá kí ẹ tó ronú orúkọ ọ̀wọ́ eré náà. Yàrá tí ó gba ogójì sí ọgọ́rin ènìyàn sàn ju gbọ̀ngàn ńlá tí ìdajì àga rẹ̀ ṣófo lọ. Ẹ dúró sínú rẹ̀ ní àkókò tí eré yóò máa wáyé gan-an, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì tẹ́tí sí fáànù, fíríìjì àti ariwo ìta, nítorí pé olórin kan lè fi fèrè rẹ̀ mí lásán fún ìgbà pípẹ́, èémí yẹn sì jẹ́ ara orin. Kò yẹ kí yàrá kékeré tì yín lójú. Nígbà tí Bill Dixon, tí ó ń fun tùróńpẹ́ẹ̀tì, ṣètò ọjọ́ mẹ́rin fún orin tuntun yìí ní New York ní oṣù Kẹwàá ọdún 1964, ilé kọfí kékeré kan ni ó lò, ilé tí onísasofóònù Sam Rivers àti ìyàwó rẹ̀ Bea ń gbé ni wọ́n sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn olórin ní ìlú kan náà ní àwọn ọdún 1970.

Ẹ mú ọjọ́ kan nínú oṣù, kí ẹ má sì yí i padà.

Yíyan àwọn olórin ni ó gba ọgbọ́n jù lọ. Derek Bailey, tí ó jẹ́ onígìtá, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀sẹ̀ eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1977, níbi tí ó ti ń pe àwọn tí wọn kò bára wọn ṣeré rí, tí ó sì ń tún wọn tò ní agbo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti alẹ́ kan dé èkejì. Mo gbà pé ọ̀nà yẹn ni ó dára jù lọ títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi í kún gbogbo alẹ́. Ẹ fi apá kìíní, bí ìṣẹ́jú 35 sí 40, fún agbo tí ó ti mọ ara rẹ̀, kí ẹ sì fi apá kejì pa àwọn àjèjì pọ̀. Ènìyàn mẹ́ta ni mo fẹ́ràn jù fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti di méje, gbogbo wọn a máa gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó ń ta béèsì onígi a sì sọnù sáàárín wọn. Ẹ má ṣe yan onísasofóònù mẹ́ta àti onílù kan nítorí pé àwọn ni ẹ mọ̀. Ẹ wá olóhùn, ẹni tí ń ta gòjé, ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà dá ìró, kí ẹ sì bi olórin kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tí ó ti ń wù ú láti bá ṣeré.

Ní ti owó, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ọjọ́ eré tó pé: iye tí olórin yóò gbà bí ó tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn márùn-ún péré ni ó wá, ìpín rẹ̀ nínú owó ẹnu-ọ̀nà, àti ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ àti ibùsùn. Ibi eré tí onísasofóònù John Zorn ṣí ní New York ní ọdún 2005 ń fi gbogbo owó ẹnu-ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn olórin, àwọn olórin ni ó sì ń yan ètò ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, ẹ yọ owó yàrá nìkan, kí ẹ sì fi ìṣirò náà han gbogbo wọn ní alẹ́ yẹn kan náà. Ó ń dùn mí púpọ̀ láti rí olórin tí ó ti fi ogún ọdún kọ́ ohùn fèrè, tí a sì ń fi ọpẹ́ lásán rán lọ sílé.

Nínú yàrá kékeré, ohun èlò púpọ̀ kò nílò sípíkà. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ìlù, ẹ rí i dájú pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ohùn píánò ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn olórin súnmọ́ ara wọn tó láti rí ọwọ́ ara wọn. Àga ìjókòó lè yí wọn ká ní ìlàjì òbírí. Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, gbohùngbohùn méjì tí ó dára ti tó, ṣùgbọ́n ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo wọn ṣáájú, nítorí orin náà jẹ́ tiwọn.

Ní alẹ́ eré, ọ̀rọ̀ ìkíni kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ sọ orúkọ àwọn olórin, ẹ sọ fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pé kò sí ohun tí wọ́n ní láti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì jókòó. Ẹ ti ilẹ̀kùn nígbà tí eré bá ń lọ, kí ẹni tí ó pẹ́ dúró de òpin apá náà. Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ni ìdákẹ́jẹ́ tí ó máa ń tẹ̀lé ìró ìkẹyìn: ẹ má ṣe jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò pàtẹ́wọ́, ẹ dúró títí olórin yóò fi sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ, ẹ kọ ẹni tí ó bá ẹnì kejì ṣeré sínú ìwé kan, ẹ kọ bí ó ṣe pẹ́ tó àti ibi tí orin ti gbérasọ, nítorí inú ìwé yẹn ni ẹ óò ti yan àwọn tí ẹ óò pè ní oṣù tí ń bọ̀.