Tọ́ọ̀ṣì wo lẹ fẹ́ gbé mòòkùn wọnú ihò?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́ ń múra àtilọ sí Mexico, ó fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn wọnú ihò àpáta tómi kún, àwọn tí wọ́n ń pè ní cenote lápá Yucatán, ló bá ra tọ́ọ̀ṣì kan ní Takie wá fi hàn mí. Wọ́n kọ 100,000 lumens sára ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó, wọ́n tún kọ waterproof mọ́ ọn. Mo ní ká jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí gíláàsì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì lásán nìyẹn o!

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, mẹ́ta lẹ máa rà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé mẹ́ta o, ẹ ò ní pín in: ńlá kan lọ́wọ́, kékeré méjì láyà. Tẹ́ẹ bá gbé iná kan ṣoṣo wọ igbó òru tó sì kú, ẹ ṣì lè jókòó sídìí igi títí ilẹ̀ á fi mọ́ bí ọdẹ. Nínú ihò, ilẹ̀ kì í mọ́, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà tẹ́ẹ fi ń mí náà ò sì ní dúró dè yín.

Èyí tó kàn lè dà bí ìdàkudà létí yín: ẹ kọ́kọ́ ra kékeré méjì yẹn ná. Ńlá ló ń wọ èèyàn lójú, gbogbo wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, owó á wá tán lórí ẹ̀, a ó wá lọ ra kékeré olówó pọ́ọ́kú, bẹ́ẹ̀ kékeré yẹn ló máa gbé yín jáde lọ́jọ́ tí ńlá bá kú. Èyí tó ń tàn tó ń kú nìkan ni kẹ́ẹ wá, kó má máa bú yẹ̀rì bíi ti ọlọ́pàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ lè dá tàn títí tẹ́ẹ máa fi jáde. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń yí lórí ló ń tàn, ẹ tú u sílẹ̀ dáadáa kẹ́ẹ tó wọ omi torí omi jíjìn lè tẹ orí ẹ̀ wọlé kó tan fúnra ẹ̀, ẹ má sì tú u jù kómi má bàa wọ̀ ọ́.

Ó wá kan ńlá. Ẹ má wo lumens nìkan jàre. Ṣé ẹ ti tan fúlù láìtì rí nínú kùrukùru ọyẹ́ lójú ọ̀nà Ìlọrin, tí gbogbo ẹ̀ ń padà sí yín lójú? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ niná tó fẹ̀ ṣe máa ń ṣe tí ẹrẹ̀ bá rú nínú omi. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn lẹ fẹ́, òun náà sì lẹ fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: ẹ fi yí òbìrí sára ògiri, kò séwu nìyẹn, ẹ jù ú sọ́tùn-ún sósì kíákíá, wàhálà ti dé nìyẹn. 1,000 lumens gidi tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ lo 60 ìṣẹ́jú lábẹ́ omi, kó lè tàn fún 90, níbi tó ti mọ́lẹ̀ jù o, torí pé ìgbà tó bá ń tàn bàìbàì ni wọ́n sábà máa ń kọ wákàtí gígùn gígùn sára páálí ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé bátìrì ẹ̀ sídìí tí wáyà wá gùn dọ́wọ́ dáa, àmọ́ ó wọ́n, ẹ yá ti olùkọ́ yín lò ná. Ohun tí mi ò ní gbà ni kó má ní ohun tẹ́ẹ lè fi wọ̀ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́, torí ìka yín ni yóò máa tọ okùn ọ̀nà, èyí tí wọ́n nà sínú ihò kẹ́ẹ lè tọ̀ ọ́ jáde.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣí i wo róbà roboto inú ẹ̀. Fọ́nrán irun kan péré tó láti mú omi wọlé, ẹ nù ún, kẹ́ẹ fi gírísì sílíkónì bín-ín-tín sí i.

Ti bàlúù ńkọ́? Bátìrì lithium tó wà lọ́tọ̀, inú báàgì ọwọ́ ló ń wà, wọn ò gbà á nínú ẹrù ńlá. Tó bá ti ju 100 Wh lọ, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n kọ sára bátìrì, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́dọ̀ àwọn tó ni bàlúù.

Tó bá ti délé, ẹ so kékeré méjèèjì mọ́ àyà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Okùn ni kẹ́ẹ fi so ìkọ́ tó ń gbé e kọ́ àyà mọ́ tọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe irin, kẹ́ẹ lè fọ̀bẹ gé e tó bá há. Fọkanáísà á gé tíúbù kẹ̀kẹ́ fún yín tẹ́ẹ máa fi dì í mọ́ra.

Ó wá ku dúrọ́ọ̀mù. Ẹ pọn omi kún un lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ńlá wà nínú omi kẹ́ẹ tó tàn án dópin torí omi ló ń tù ú lára, kẹ́ẹ wá fi fóònù ka ìṣẹ́jú títí tó fi máa kú. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ di ojú yín, kẹ́ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo tú kékeré kúrò láyà, kẹ́ẹ tàn án. Lálẹ́ àná, èyí àkọ́kọ́ já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó lọ sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n tún un ṣe.” Mo ní kó má yọ ọ́, ìkejì dà?