Kí ẹ tó ka máàkì: ìdánwò saikọ́lọ́jì fún ẹni tó ń sọ Yorùbá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa ń wá kọ́ṣẹ́ saikọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, lọ́dọ̀ wa, fọ́ọ̀mù ìdánwò lẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè. "Mà, èwo ni ká lò?" Mo mọ ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà wà nínú fọ́ọ̀mù, nọ́ńbà sì máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Àmọ́ bí ìbéèrè kò bá yé ẹni tí a bi, nọ́ńbà tó ti inú rẹ̀ jáde kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé: PHQ-9, tí a fi ń wo bí ìdààmú ọkàn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní depression ṣe pọ̀ tó lára ènìyàn, tí Spitzer, Kroenke àti Williams ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ìwádìí lórí rẹ̀ jáde ní 2001. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò nílò àṣẹ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè 9 ló wà níbẹ̀, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá: ìbànújẹ́, oorun, oúnjẹ, agbára, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0, 1, 2 tàbí 3, nítorí náà 27 ni òpin rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́jà, kí ẹ wo ìyá tó ń ta gàrí. Bó bá wọn àpò gàrí kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tó jẹ́ iye kóńgò kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a lè gbára lé kóńgò rẹ̀. Ohun tí ìwé yín ń pè ní reliability nìyẹn. Tí wọ́n bá ti lu ìdí kóńgò náà wọnú ńkọ́? Iye kan náà ni yóò máa fún yín, yóò sì máa rẹ́ yín jẹ nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ validity nìyí: ṣé ohun tó ní òun ń wọ̀n gan-an ló ń wọ̀n? Apá yìí ló le jù, òun náà ni akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ dúró tì.

Ẹ tún máa béèrè àwọn tí wọ́n fi dán kóńgò náà wò. Adewuya, Ola àti Afolabi dán PHQ-9 wò lára akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, èsì rẹ̀ jáde ní 2006, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí fi mí lọ́kàn balẹ̀ tó bá jẹ́ ọmọ yunifásítì ló jókòó síwájú mi. Kò sọ fún mi pé ó bá ìyá àgbà tí kò kàwé mu.

Nígbà tí èmi náà ń kọ́ṣẹ́, ìyá kan tó ń ta ata wá sọ́dọ̀ mi. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo dá túmọ̀ fọ́ọ̀mù náà fúnra mi. Mo bi wọ́n pé ṣé inú wọn máa ń bàjẹ́. Wọ́n ta ìka kọjá lórí wọn, wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ́! Inú mi ò ní bàjẹ́." Mo kọ 0. Mo bi wọ́n nípa oorun. "A dúpẹ́." Mo kọ 0. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé àwọn ti já ẹbí àwọn kulẹ̀. "Mi ò ní kùnà lórúkọ Jésù." 0. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3, mo sì kọ ọ́ pé kò sí ìyọnu. Wọ́n ti ń dìde lọ kí wọ́n tó sọ pé, "Ọmọ mi, o ò tíì bi mí nípa orí mi. Ó ń gbóná. Ó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Látìgbà tí bàbá wọn ti lọ, aago méjì òru ni mo máa ń jí, ilẹ̀ á sì mọ́ bá mi lójúfò."

Lójú ìyá yẹn, èmi kọ́ ni mò ń béèrè. Mo ń fi ẹnu gbé ibi kà wọ́n lórí ni, wọ́n sì ń kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ orí gbígbóná yẹn náà kì í ṣe ohun à-gbọ́-fò. Raymond Prince, dókítà àìsàn ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná, tí ohun tí wọ́n ń kà kì í wọlé mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni ìdààmú ọkàn wọn máa ń gba orí tàbí ara sọ̀rọ̀.

Ní báyìí, mo máa ń kí ènìyàn dáadáa, kí n béèrè ilé àti ọmọ, kí n tó fa bébà jáde. Màá wá sọ pé: "Mà, àwọn ìbéèrè kan ń bọ̀ tó lè dà bí èpè. Èmi ò ṣépè o. Gbogbo ẹni tó bá wọlé síbí ni mò ń bi. Ká dúpẹ́ dára, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe yín gan-an ni mo fẹ́ gbọ́." Màá sọ ẹni tí yóò rí bébà náà àti ẹni tí kò ní rí i.

Ọ̀rọ̀ "ọ̀sẹ̀ méjì" kì í dúró lọ́kàn ẹlòmíì, nítorí náà mo máa ń dárúkọ ọjọ́ kan: láti Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún. Màá da hóró àgbàdo 14 sórí tábìlì, ọjọ́ kan, hóró kan. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, 0. Bó bá jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀, 1. Bó bá ju ìdajì lọ, 2. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, 3. Bí ìdáhùn mẹ́rin yìí bá ti yé wọn, mo kó àgbàdo kúrò, mo ka ìbéèrè bó ṣe wà nínú ìtumọ̀ tí a ti dán wò.

Ẹ má túmọ̀ lórí ìjókòó o. Kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíì tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti yà síra ni iṣẹ́ wà.

Ìbéèrè kẹsàn-án ń béèrè bóyá ó ti ń wá sí ènìyàn lọ́kàn pé ó sàn kí òun kú, tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. Ẹ kò gbọdọ̀ fò ó nítorí ìtìjú. Bíbéèrè kọ́ ló ń gbin èrò náà síni lọ́kàn. Bí ìdáhùn bá ti ju 0 lọ, iye yòówù kí àpapọ̀ jẹ́, ẹ má fi ẹni náà sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì pe ọ̀gá yín kí ẹni náà tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ lè wá ka máàkì wàyí: 5, 10, 15 àti 20 ni àwọn ààlà tí ìdààmú fi ń ga sí i. Ẹni tó bá gba 10 sókè nílò àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. A kò tíì sọ orúkọ àìsàn rẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ó máa rẹ ènìyàn, ọ̀fọ̀ lè gba oorun lójú ẹni, ìyá ọmọ jòjòló kì í sùn. Ìdánwò jẹ́ apá kan nínú ìgbéléwọ̀n ni. Ẹ tún gbọ́ tẹnu ẹni náà, ti ará ilé rẹ̀, ti dókítà. Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe ìdánwò làákàyè tiwọn ní Paris ní 1905 láti mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́. Bákan náà, kí ìròyìn tí ẹ bá kọ lórí ẹni tí ẹ dán wò sọ ìrànlọ́wọ́ tó nílò.

Ọ̀gá mi ló pe ìyá aláta yẹn padà lọ́sẹ̀ kejì, tó tún ìbéèrè náà bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. 16 ló jáde.

Kí ẹ tó wá ní Mọ́ńdè, ẹ mú ìbéèrè àkọ́kọ́, èyí tó ń bèèrè bóyá nǹkan kì í wu ènìyàn ṣe mọ́. Ẹ túmọ̀ rẹ̀, ẹ kà á fún àgbàlagbà kan ládùúgbò yín, kí ẹ ní kó sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ sílẹ̀ wá.