Ẹ má tíì ra fáàfù tuntun: àṣìṣe tó ń jẹ owó àwọn tó ń lo ámpílífáyà onífáàfù

Bó ṣe máa ń rí nìyí. 3-500Z kan, fáàfù inú ámpílífáyà tó ń fi agbára kún ohun tí rédíò ń rán sáfẹ́fẹ́, dún pàà lálẹ́, abẹ́rẹ́ mítà gíríìdì sá lọ sí òpin, fíúsì jó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, onílé ti ń wá ẹni tó ń ta fáàfù. Méjì tuntun dé, ó tì wọ́n bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tan iná, ó tún dún pàà. Owó kejì lọ. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n nínú ámpílífáyà, fáàfù kì í sábà jẹ́ ìka náà. Ohun tó yí i ká ló máa ń pa á: iná fílámẹ́ǹtì (wáyà tó ń gbóná nínú fáàfù), atẹ́gùn, kapásítọ̀ tó ti gbó, àti ọwọ́ ẹni tó ń yí bọ́tìnì.

Ámpílífáyà Heathkit SB-220 ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó pọ̀ lọ́jà àlòkù, 3-500Z méjì ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti dàgbà tó láti ní gbogbo àrùn tí mo fẹ́ kà. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ánóòdù àti gíríìdì, kó lọ kọ́ ìyẹn ná. Kì í ṣe òun ni mò ń bá wí.

Èkíní: àìwọn iná fílámẹ́ǹtì

5 V ni 3-500Z fẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì máa jẹ nǹkan bí 14.5 A. Ààyè tó ní kò ju 0.25 V lọ, ì báà jẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ fáàfù gan-an ni ká ti wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 5, kì í ṣe ẹnu tiransifọ́mà. Fáàfù méjèèjì ń fa nǹkan bí 30 A gba inú choke, kọ́ìlì tó wà lójú ọ̀nà fílámẹ́ǹtì, kọjá. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì dídọ̀tí àti lẹ́ẹ̀dì tí kò mú dáadáa bá fi 0.01 Ω péré kún ọ̀nà, 0.3 V ti lọ nìyẹn. Ẹ tú wáyà iná gíga kúrò lẹ́nu tiransifọ́mà rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹnu mítà há ẹsẹ̀ náà kí iná tó dé, kí ẹ sì mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Bí iná bá ju 5 V lọ, ẹ̀mí fílámẹ́ǹtì ń gé kúrú. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tó bá fi lé fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e sí ìdajì. Bó bá sì kéré jù, agbára á sọ̀, onítọ̀hún á máa fi kún iná tí rédíò ń tì wọlé, gíríìdì ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún àwa tí à ń lo iná ìjọba nílẹ̀ yìí. Bí 240 V bá wálẹ̀ sí 180 V, 5 V ti di 3.75 V. Bó bá fò dé 265 V lóru, ó ti di 5.5 V. Àwọn èèyàn á gbọ́ èyí, wọ́n á sáré lọ ra stabilizer tó tóbi bí àpótí aṣọ. Kò pọn dandan. Fílámẹ́ǹtì méjèèjì kò jẹ ju 150 W lọ, tiransifọ́mà tiwọn sì dá wà lọ́tọ̀ nínú SB-220. Ẹ ya wáyà rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fi stabilizer kékeré 500 VA sí i. Iná gíga lè máa jó lọ jó bọ̀ díẹ̀, ìyẹn kò ní pa ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń lo irú fáàfù mìíràn bí 8877, GU-74B tàbí GI-7B, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí dín iná tiyín kù. Kátóòdù tiwọn yàtọ̀, ó fẹ́ iná tó pé. Ó sì fẹ́ àkókò láti gbóná: ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko fún 8877 kí ẹ tó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fa wáyà tí ń dá ìṣẹ́jú mẹ́ta náà dúró yọ torí kò ní sùúrù, kó máa fowó pamọ́ sílẹ̀.

Èkejì: jíjẹ́ kí iná ya wọlé lójijì

Fílámẹ́ǹtì tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dí iná lọ́nà, bẹ́ẹ̀ náà ni kapásítọ̀ òfìfo. Rẹsísítọ̀ 25 Ω, 50 W, lójú ọ̀nà 240 V, pẹ̀lú relay (súìṣì oníiná) tó máa fò ó kọjá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, kò ní jẹ́ kí iná ju nǹkan bí 13.6 A lọ lójú ẹsẹ̀. Bí rẹsísítọ̀ yìí bá ń jó, ó ń sọ fún yín pé nǹkan kan ti so pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú lọ pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀kẹta: àìfi rẹsísítọ̀ sójú ọ̀nà iná gíga

Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí owó rẹ̀ kò tó ìdá kékeré nínú owó fáàfù kan, síbẹ̀ nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá tó bá dé orí tábìlì, ẹ máa wá a tì nínú èyí tó pọ̀ jù.

Kapásítọ̀ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 µF ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú SB-220, àpapọ̀ wọn jẹ́ 25 µF. Ní 3000 V, agbára 112 J (joule) ló wà nípamọ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá wá máa ń fi 470 µF rọ́pò wọn, wọ́n á ní iná á rọ̀ bí òwú. Ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti di 264 J. Bí gáàsì díẹ̀ bá wà nínú fáàfù, iná á fò láti ánóòdù sí gíríìdì, gbogbo ohun tó wà nípamọ́ yẹn á sì gba ibẹ̀ kọjá kí fíúsì ìta tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Gíríìdì wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bó bá jó tàbí tó tẹ̀, fáàfù ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa kan dáyóòdù zener 5.1 V tó wà ní kátóòdù, lẹ́yìn náà rẹsísítọ̀ mítà, lẹ́yìn náà dáyóòdù iná gíga. Ẹni tó bá wá fi fáàfù tuntun sí orí zener tó ti kú, àfi kó máa pe ẹni tó tà á fún un ní olè.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀: rẹsísítọ̀ oníwáyà 10 Ω tàbí 25 Ω, 25 W, èyí tó gùn tí a fi dígí bò, láàárín kapásítọ̀ àti choke ánóòdù. Ẹ gbé e jìnnà sí ara irin. Ẹ ṣírò rẹ̀: 3000 V lórí 25 Ω jẹ́ 120 A. Ó ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ̀rún mọ́. Nígbà iṣẹ́, ní 0.8 A, 20 V péré ló máa jẹ, 16 W ooru. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyàtọ̀ 20 V lórí afẹ́fẹ́. Ẹ wá so dáyóòdù 1N5408 méjì mọ́ rẹsísítọ̀ mítà, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, èkejì kọjú sọ́hùn-ún, kí mítà lè rí ẹni gbà á sílẹ̀. Ẹ má sì fi fíúsì dígí kékeré 250 V sójú ọ̀nà 3000 V. Wáyà inú rẹ̀ á jó, iná á ṣì máa fò kọjá nínú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Gáàsì yẹn ńkọ́, níbo ló ti wá? Láti inú páálí ni. 3-500Z tó ti jókòó fún ogún ọdún, tí wọ́n ń pè ní “tuntun, a kò lò ó rí”, ni ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó bà yín jù. Zirconium tó wà lára ánóòdù rẹ̀ ló ń mu gáàsì, kì í sì í mu ún àyàfi tó bá gbóná. Torí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ tan fílámẹ́ǹtì àti fáànù nìkan fún wákàtí mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi súìṣì sí CW (ti Morse) níbi tí fóòtì ti kéré ju ti SSB (ti ohùn), ẹ ti agbára díẹ̀díẹ̀ wọlé títí ánóòdù á fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo máa sọ ọ́: pupa díẹ̀ kì í ṣe àìsàn fún 3-500Z. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àìsàn ni fún 811A. Àìsàn náà ni bí ọ̀kan nínú méjì bá pọ́n bí ẹyinná tí èkejì dúdú.

Èyí tó tẹ̀lé e yìí jẹ́ mọ́ ọwọ́. Àwọn èèyàn ń yí bọ́tìnì TUNE kí abẹ́rẹ́ ánóòdù lè wálẹ̀ jù, wọ́n á dúró níbẹ̀. Ìyẹn dára láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n níkẹyìn, agbára tó ń jáde ni ká máa wò, pẹ̀lú gíríìdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ánóòdù bá wà ní 800 mA, kí gíríìdì wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ tàbí kó dín. Bí gíríìdì bá ga tí agbára kò pọ̀, ẹ ṣí kapásítọ̀ LOAD díẹ̀ sí i kí iye rẹ̀ dín kù, kí ẹ tún TUNE yí. Bí gíríìdì bá wálẹ̀ jù tí ánóòdù ń pọ́n láìsí agbára níta, ẹ padà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ sinmi ogún. Ẹni tó bá tẹ kọ́kọ́rọ́ Morse mọ́lẹ̀ títí tó fi rí àlàyé ṣe fún ìyàwó rẹ̀ ti dáná sun nǹkan, mo sì mọ̀ ju bó ṣe yẹ kí n mọ̀ lọ.

Ẹ má yí súìṣì báńdì nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má gbé 3-500Z sùn. Òró ló ń dúró. Fílámẹ́ǹtì á tẹ̀ lọ bá gíríìdì bó bá gbóná lórí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má sì fi fáàfù ránṣẹ́ nínú ẹ̀rọ.

Atẹ́gùn: nǹkan bí 370 lítà ní ìṣẹ́jú kan fún 3-500Z kọ̀ọ̀kan. Fáànù tó bá ń ké ti ń bẹ̀ yín ni. Fún 8877 àti àwọn ẹbí rẹ̀, fáànù kọ̀ǹpútà kò lè ti atẹ́gùn gba inú irin wọn kọjá, ó fẹ́ blower, èyí tó ní ìkòkò. Ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹ̀kẹjọ, tàbí iye tó bá jẹ́ báyìí: wáyà tí rédíò fi ń tan relay SB-220. Nǹkan bí 120 V ló wà lórí rẹ̀. Àwọn rédíò òde òní kò ṣe ẹnu ọ̀nà wọn fún irú iná bẹ́ẹ̀, ẹ máa sun ún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi transistor tó lè gbé 300 V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sáàárín wọn. Kí ẹ sì rí i pé rédíò dúró fún nǹkan bí 25 ms kó tó tú agbára jáde, torí relay ayé àtijọ́ kò yára. Bí agbára bá dé kí ẹnu relay tó pa pọ̀, ẹnu rẹ̀ ló ń jó, fáàfù sì ń sọ̀rọ̀ sínú òfìfo.

Kapásítọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, ẹ yọ gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kì í ṣe èyí tó wú nìkan. Rẹsísítọ̀ 30 kΩ tó wà lára wọn tún ń fi 4.7 W ooru yan wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi 100 kΩ, 5 W rọ́pò, ooru á di 1.4 W. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: pẹ̀lú 470 µF, ó máa gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ kí 3000 V tó wálẹ̀ sí 50 V. Ẹ dúró fún márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọ̀pá tó ní wáyà tí a so mọ́ ara irin kan ánóòdù, ọwọ́ kejì nínú àpò. Mítà ojú ẹ̀rọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí, torí rẹsísítọ̀ tirẹ̀ náà lè ti já. Mítà ọwọ́ 1000 V kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń wọn 3000 V.

Rẹsísítọ̀ kábọ̀nù tó wà lórí ánóòdù, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọrin fúnra rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ti kúrò níbi tí wọ́n kọ sí i lára ju ìdá márùn-ún lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú oníwáyà, torí kọ́ìlì ni oníwáyà.

Ó wá ku fáàfù tí gbogbo yín ti dá lẹ́bi. Pẹ̀lú ẹ̀rọ pípa, kapásítọ̀ òfìfo, ẹ yọ ọ́, ẹ wọ̀n láti ẹsẹ̀ 1 sí ẹsẹ̀ 2, 3 àti 4. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Láti 1 sí 5, mítà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo. Bí méjèèjì bá dára, ẹ pààrọ̀ ihò wọn: ti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Bí àìsàn náà bá dúró sí ihò tó wà tẹ́lẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí wáyà ibẹ̀ ni. Bó bá bá fáàfù lọ sí ihò kejì, ẹ lè wá ẹni tó ń ta báyìí, kí ẹ sì ra méjì tí agbára wọn bára mu.