Bí ìwé làbù bá ní kò sí sífílíìsì, tí awọ ara ní ó wà

Awọ ara ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó ka ìwé làbù. Ẹni tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìpẹru wá lè ti fi oríṣiríṣi ìpara pa èélá tó yọ sí i lára fún oṣù méjì, títí ìrísí rẹ̀ fi yí padà. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ yún un, ẹ fura. Bó bá sì yún un, ìyẹn ò ní kó má jẹ́ sífílíìsì, àrùn tí ìbálòpọ̀ ń ràn. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ẹnu, ojú ara àti ihò ìdí níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè ya òrùka sẹ́gbẹ̀ẹ́ imú àti ẹnu bíi làpálàpá. Èyí tó ń tan ni jẹ jù ni egbò tí èépá rẹ̀ nípọn, tó gun orí ara wọn bí ìkarahun. Ẹni tí HIV wà lára rẹ̀ ló sábà máa ń ṣe, nítorí náà ẹ yẹ HIV wò pẹ̀lú.

Ìdìpọ̀ ọmọ ogun ara àti èròjà àyẹ̀wò ni VDRL àti RPR, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń wá sífílíìsì, ń wò. Bí ọmọ ogun ara bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á bo èròjà àyẹ̀wò náà débi pé kò ní sí àyè tí ọ̀kan fi lè so mọ́ èkejì. Kò ní dì, làbù á sì kọ ọ́ pé kò sí. Ẹ má rò pé wọ́n á mọ̀ fúnra wọn o: ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ là á.

Lórí káàdì RPR, ẹ fi 50 µL (máíkrólítà) omi iyọ̀ sàláìnì sí òbìrí márùn-ún. Ẹ fi 50 µL síírọ́ọ̀mù, omi tó ń yọ lára ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, kún ti àkọ́kọ́, ẹ pò ó, ẹ fa 50 µL lọ sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkarùn-ún, kí ẹ da 50 µL tó kẹ́yìn nù. Ẹ ti dé 1:32 nìyẹn, ìdá kan síírọ́ọ̀mù nínú ìdá 32. Ẹ kán èròjà sí i, kí ẹ̀rọ yí i fún ìṣẹ́jú 8. Ẹni tó bá dúró sí 1:4 lè pàdánù rẹ̀.

Ẹ ṣe TPHA pẹ̀lú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ọmọ ogun tí ara ṣe sí kòkòrò sífílíìsì gan-an. Àmọ́ ó sábà máa ń fi hàn pé ó wà títí ayé, kódà lẹ́yìn ìwòsàn. Ibà àti oyún náà lè mú kí RPR fi irọ́ hàn, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kì í sábà tó 1:8.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ gé awọ 4 mm létí egbò, kì í ṣe àárín rẹ̀ tó ti kú. Ẹ kọ "sífílíìsì la fura sí" mọ́ ìgò fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí awọ náà bàjẹ́: àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun awọ lójoojúmọ́ kì í fi kòkòrò sífílíìsì hàn, Warthin-Starry (àwọ̀ fàdákà) tàbí immunohistochemistry (èyí tó ń fi ọmọ ogun ara wá kòkòrò) ni kí wọ́n lò.

Ọjọ́ tí ẹ bá fún aláìsàn náà ní bẹ́nsátìnì pẹnisílínì, oògùn sífílíìsì, mílíọ̀nù 2.4 yúnìtì, ni kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún RPR tuntun. Ara rẹ̀ lè gbóná láàárín wákàtí 24. Ẹ sọ fún un ṣáájú, kó má bàa rò pé oògùn náà lòdì sí ara òun. Bí iye náà bá jẹ́ 1:64 lónìí, 1:16 tàbí kó kéré sí i ni ẹ máa wá lóṣù 6 sí 12.