Kọ́là Tàbí Hánẹ́ẹ̀sì: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tí Ó Yẹ Ọmọ Ajá Tí A Fẹ́ Máa Mú Rìn

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nítòsí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọlọ́kadà kan tẹ họ́ọ̀nù lẹ́yìn mi, ọmọ ajá tí mo fi okùn mú lọ́wọ́ sì fi ẹ̀yìn rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tẹ orí ba, ó sì bọ́. Nígbà tí mo bojú wo ọwọ́ mi, mo rí kọ́là náà ní ìparí okùn, bọ́kù rẹ̀, irin tí a fi ń dè é, ṣì wà ní dídè gẹ́gẹ́ bí mo ṣe dè é láti ilé. Kò já, kò tú, ọrùn nìkan ni kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ajá tèmi kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fèrè rárá, nítorí ọmọ oṣù mẹ́rin péré ni. Ìyá ẹlẹ́kọ kan ni ó fi èérún ẹ̀kọ tàn án wọ abẹ́ tábìlì rẹ̀ kí n tó rí i gbé.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni kí òun rà nínú méjèèjì, ìdáhùn mi ni pé kí ó ra méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ó pín iṣẹ́ fún wọn: hánẹ́ẹ̀sì ni kí ó máa gbé okùn, kọ́là ni kí ó máa gbé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, títí ọmọ ajá yóò fi mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn rìn láì fa ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó méjèèjì, kí ó ka ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kí ó tó pinnu.

Kọ́là ni ìgbànú kékeré tí a ń dè mọ́ ajá lọ́rùn. Hánẹ́ẹ̀sì ní tirẹ̀ ni ọ̀já tí ó yí àyà àti ìhà ká, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ajá bá ń fà, igbá-àyà ni ó ń gba ìwúwo náà dípò ọ̀fun. Ní ọjà wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe kọ́là, hánẹ́ẹ̀sì àti okùn ní “ṣéènì ajá” lápapọ̀, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí tí ẹ ń fẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀

Ẹ gbé ọmọ ajá náà sí itan, kí ẹ fi ìka méjì tọ iwájú ọrùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, láti abẹ́ àgbọ̀n wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ óò rí ohun kan tí ó le díẹ̀, tí ó sì ní igun-igun bí ọ̀pá róbà tí wọ́n ń gbé omi gbà. Kòmóòkun nìyẹn, ọ̀nà tí èémí ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn òrùka eegun rírọ̀ ni ó dì í mú kí ó má bàa pa dé, òrùka wọ̀nyí kò sì yí po tán. Wọ́n dà bí lẹ́tà C, ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó dí àlàfo ẹ̀yìn wọn. Bí ajá bá fi gbogbo agbára fa okùn tí a so mọ́ kọ́là, ibẹ̀ gan-an ni ó ń tẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ ajá tí ń fà á fi máa ń wúkọ́ bí ẹni pé eegun há a lọ́fun.

Nínú àwọn ajá òyìnbó kéékèèké bíi Pomeranian, Chihuahua àti Yorkshire Terrier, àwọn òrùka náà tètè máa ń rọ, wọ́n sì lè rì wọlé bí ajá bá ti ń dàgbà. Ẹni tí ó bá ní irú wọn kò gbọdọ̀ so okùn mọ́ kọ́là rárá, hánẹ́ẹ̀sì nìkan ni. Bákan náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn tí wọ́n ní ajá tí imú rẹ̀ kúrú, bíi bulldog, pug àti Lhasa Apso tí ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní ìlú wa, nítorí èémí irú wọn kì í já geere tẹ́lẹ̀, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀fun. Ní ọdún 2006, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí ajá 26 fi hàn pé nígbà tí ajá bá ń fa okùn tí a so mọ́ kọ́là, agbára omi inú ẹyinjú rẹ̀ máa ń ga sókè; nígbà tí wọ́n so okùn kan náà mọ́ hánẹ́ẹ̀sì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá ti ní àìsàn ojú, kí ó fi èyí sọ́kàn.

Àwọn tí wọ́n ní ajá ìbílẹ̀, Alsatian tàbí Boerboel yóò sọ pé ọrùn tiwọn yi. Òótọ́ ni, nígbà tí ó bá dàgbà tán. Ọrùn ọmọ oṣù mẹ́ta ṣì jẹ́ ọrùn ọmọ oṣù mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ wá téèpù aránṣọ. Bí kò bá sí, ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, kí ẹ wá tẹ́ okùn náà sórí rúlà. Ibi méjì ni ẹ óò wọ̀n: ìsàlẹ̀ ọrùn, níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká, àti àyà, níbi tí ó fẹ̀ jù lọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Ọmọ ajá kì í dúró jẹ́ẹ́, nítorí náà kí ẹnì kan máa fún un ní ohun tí yóò máa lá bí ẹnì kejì ti ń wọ̀n.

Kọ́là tàbí hánẹ́ẹ̀sì tí ó bá a mu ni èyí tí ìka méjì tí a tẹ́ pẹlẹbẹ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ìka kan kò bá lè wọlé, ó ti fún jù. Bí mẹ́ta bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ajá náà yóò bọ́. Ibí yìí ni èmi ti kùnà ní Tákíè. Àṣà wa ni láti ra yunifọ́ọ̀mù tí ó tóbi fún ọmọ kí ó lè wọ̀ ọ́ títí di ọdún kejì, kí a ká etí rẹ̀ sókè ná. Ohun tí mo ṣe fún ajá mi nìyẹn, ajá kò sì ní etí aṣọ tí a lè ká. Ẹ ra èyí tí ó ṣeé fún, tí ó sì ṣeé tú, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ihò méjì ni tèmi fi kọjá lórí kọ́là tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ohun tí ẹ óò wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú hánẹ́ẹ̀sì. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní ọ̀já tí ó dábùú àyà láti èjìká kan dé èkejì. Èkejì ní ọ̀já tí ó ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n pàdé lórí igbá-àyà, tí wọ́n wá gba àárín ẹsẹ̀ iwájú kọjá, tí gbogbo rẹ̀ fi dà bí lẹ́tà Y. Èyí tí ó dà bí Y ni kí ẹ mú. Èyí tí ó dábùú lè dí èjìká lọ́wọ́ bí ajá bá ń na ẹsẹ̀, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì lè di kúkúrú.

Lẹ́yìn náà, ẹ di ọ̀já náà mú ní ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ fà á gan-an, kí ẹ máa wo ojú ibi tí wọ́n ti rán an mọ́ òrùka irin. Ibẹ̀ ni ó ti máa ń já. Bí òwú bá hàn gbangba bí ẹ ti ń fà á, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á, tàbí bí ó bá wù yín jù, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kí ó tún un rán kí ajá tó wọ̀ ọ́. Ẹ wá èyí tí ó ní òrùka méjì, ọ̀kan lórí ẹ̀yìn, ọ̀kan níwájú àyà. Ẹ óò rí ìwúlò ti iwájú láìpẹ́.

Ní ti kọ́là, kí ó jẹ́ pẹlẹbẹ, kí ó má wúwo. Fún ọmọ ajá kékeré, fífẹ̀ tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1.5 ti tó. Ti náílọ́nù máa ń tètè gbẹ bí òjò bá pa á. Ti awọ rẹwà, ó sì máa ń rọ̀ mọ́ ọrùn bí ó bá ti pẹ́. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí iṣẹ́ awọ ti jẹ́ iṣẹ́ àjogúnbá, lè bá àwọn oníṣẹ́ awọ sọ ọ́ kí wọ́n gé e sí ìwọ̀n ọrùn ajá rẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ tí ó bá ti rẹ nínú òjò tí a sì sá sínú oòrùn yóò le gbagidi, etí rẹ̀ yóò sì máa gé irun ajá, nítorí náà inú ilé ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ gbẹ, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa á.

Ẹ má ra irin tí ń fún ọrùn bí ajá bá ti ń fà á, ẹ má sì ra èyí tí ó ní ẹ̀gún nínú. Ẹ má tún so ṣéènì onírin wúwo mọ́ ọmọ ajá. Okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó gùn tó mítà 1.5 sí 1.8 ni ó dára, kì í ṣe èyí tí ń fà jáde láti inú àpótí róbà, nítorí ọ̀nà wa kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀kadà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mú un mọ́ ọn lára nínú ilé

Ẹ gbé hánẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ kí ó gbóòórùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ di ègé wàrà kékeré kan mú ní òdìkejì ihò ọrùn hánẹ́ẹ̀sì, kí ó fúnra rẹ̀ ti orí bọ̀ ọ́ nítorí wàrà náà. Ẹ má fipá kì í bọ̀ ọ́, nítorí ajá tí a bá ti fipá wọ̀ ọ́ fún lẹ́ẹ̀kan yóò máa sá sábẹ́ àga nígbàkigbà tí ó bá gbọ́ ìró bọ́kù. Bí ó bá ti wọ̀ ọ́ tán, ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un, kí ẹ sì bọ́ ọ kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ máa fi kún àkókò náà lójoojúmọ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ jẹ́ kí ó máa wọ́ ọ kiri inú ilé níṣojú yín.

Ìdánwò kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fò. Nínú ọgbà tí a ti géètì rẹ̀, ẹ dúró níwájú ajá náà, kí ẹ fa okùn díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ yín bí òun ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Bí hánẹ́ẹ̀sì tàbí kọ́là bá ń gùn bọ̀ wá sí etí rẹ̀, ẹ fún un sí i kí ẹ tó jáde. Àwọn ajá tí orí wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ju ọrùn wọn lọ, tí púpọ̀ nínú ajá ìbílẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ kí wọ́n tó mọ ọgbọ́n yìí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Kí ẹ tó ṣí géètì

Ẹ bi dókítà ẹranko yín bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára ti pé. A sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a sì máa ń tún un gún títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń wáyé láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Kí gbogbo rẹ̀ tó pé, ọgbà yín ni kí ó ti máa rìn, nítorí kòkòrò àrùn Parvo, tí ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ ajá, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá aláìsàn bá ti yàgbẹ́ síbẹ̀.

Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jáde ní kùtùkùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá rọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé títì ọlọ́dà. Bí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ẹsẹ̀ ọmọ ajá kò lè gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ó bá ń fà

Hánẹ́ẹ̀sì kò kọ́ ajá ní ìwà. Ní àwọn ilẹ̀ oníyìnyín, hánẹ́ẹ̀sì gan-an ni wọ́n fi ń de àwọn ajá tí ń fa ẹrù lórí yìnyín, nítorí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti fà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ ajá bá ti ń fà, ẹ dúró. Ẹ má pariwo, ẹ má fà á padà. Bí okùn bá ti rọ̀, ẹ yìn ín, kí ẹ tún máa lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ lè lo ogún ìṣẹ́jú láti ẹnu géètì dé ilé kejì, àwọn aládùúgbò yóò sì rò pé nǹkan ń ṣe yín. Bí agbára rẹ̀ bá ju ti yín lọ, ẹ so okùn mọ́ òrùka iwájú àyà. Bí ó bá fà, ara rẹ̀ yóò yí padà sọ́dọ̀ yín, kò ní lè fi ìwúwo rẹ̀ síwájú.

Bí ajá bá ń wúkọ́ kódà nígbà tí kò sí ohunkóhun lọ́rùn rẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Bí ẹ bá dé ilé

Ẹ bọ́ hánẹ́ẹ̀sì kúrò. Ẹ fi ọwọ́ wá abẹ́ abíyá rẹ̀ níbi tí ọ̀já ti ń ha án, bóyá irun ti ń re tàbí ara ti pọ́n, kí ẹ sì wá eégbọn níbẹ̀ àti lábẹ́ kọ́là, nítorí ibi tí ó bá móoru tí ó sì pa mọ́ ni eégbọn fẹ́ràn. Ẹ fi ọṣẹ fọ hánẹ́ẹ̀sì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku máa ń di iyanrìn sínú fóòmù rẹ̀. Bí ajá méjì bá fẹ́ bá ara wọn ṣeré, ẹ bọ́ kọ́là náà pẹ̀lú, nítorí eyín ọ̀kan lè há sínú kọ́là èkejì.

Ajá tèmi ti pé ọdún kan àti oṣù méjì báyìí. Kọ́là ni ó ń gbé okùn nígbà tí a bá ń rìn ní àdúgbò wa ní àárọ̀, okùn náà sì máa ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ gba Tákíè kọjá, hánẹ́ẹ̀sì ni mo ń mú kúrò lára ìṣó.