Ohun tó ń sọ omi ewé mi di omi gaara

Owó tí mo ná sórí oògùn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí ó ṣì ń dùn mí. Ọmọ ẹja àrọ̀ 20,000 ni mo pa láti inú ẹyin lóṣù Kejì. Kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ikùn wọn pọ́n, lẹbẹ wọn ń jẹrà, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ kan léfòó. Ẹni tó ń ta oògùn ní kí n da oxytetracycline, oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, sómi. Mo dà á lẹ́ẹ̀mẹta, ₦54,000 wọlẹ̀, ọmọ tó kù kò tó 2,500. Kò tilẹ̀ béèrè irú kòkòrò tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń sin ẹja ṣáájú mi ló wò ó tó ní, "Àbúrò, omi rẹ ti mọ́ jù." Ó ní àwọn olùsin edé ní Fílípínì máa ń fi omi aláwọ̀ ewé dènà Vibrio, kòkòrò tó ń tàn lóru tó sì ń pa edé. Ewé wẹ́wẹ́ inú omi náà, tí wọ́n ń pè ní algae, ń jẹ amóníà, ìdọ̀tí olóró tó ń ti ara ẹja jáde. Òun àti àwọn kòkòrò rere tó ń bá a gbé kì í jẹ́ kí aṣebi ráyè pọ̀.

Pípọn ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù kò le: omi kànga, ajílẹ̀ díẹ̀, oòrùn, àti omi ewé tó ti gbó, èyí tí a ń lò bí ìwúkàrà. N kò lo ìgbẹ́ adìẹ, torí kòkòrò tí mò ń sá fún lè wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, omi mi ti di aláwọ̀ ewé yọ̀yọ̀. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Ilẹ̀ mọ́, omi ti dà bí omi ẹ̀rọ. Mo fi ajílẹ̀ kún un, ó tún di ewé, ó tún mọ́. Mo gbé dúrọ́ọ̀mù kúrò lábẹ́ òrùlé, ó tún mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ẹni tó ta ìwúkàrà fún mi ní ₦6,000 ń di ẹ̀bi ru kànga mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Níjọ́ kan mo bu omi náà sínú abọ́ tánńganran funfun, mo gbé e sóòrùn. Mo rí àwọn nǹkan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí wọ́n ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí gúgúrú nínú agbada. Moina ni, ẹ̀dá omi tíńtín kan tó jẹ́ ìbátan edé! Wọ́n ń jẹ ewé, wọ́n ń bímọ, alẹ́ kan tó wọn. Inú omi tí mo fowó rà ni wọ́n bá wá. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun àárọ̀.

Mo sẹ́ wọn jáde fún ọmọ ẹja, torí oúnjẹ gidi ni wọ́n jẹ́ fún un. Mo fọ dúrọ́ọ̀mù, mo sá a sóòrùn ọjọ́ méjì, mo se omi, mo jẹ́ kó tutù, mo fi aṣọ onípele mẹ́rin sẹ́ ìwúkàrà tuntun. Ewé yẹn kò kú mọ́, mo sì ń bù ú sómi ẹja.

Nínú 15,000 tí mo pa lẹ́yìn náà, mo ka 9,600 lọ́gbọ̀n ọjọ́, láìra oògùn kankan. Ẹ má jẹ́ kó ki jù o: tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ omi, tí àtẹ́lẹwọ́ yín pòórá kí omi tó dé ìgúnpá, ẹ dín in kù. Lóru, ewé náà ń bá ẹja du èémí. Aago márùn-ún ìdájí ni mo bá tèmi tí wọ́n ń yánu lójú omi.

Ká ní mo gbé abọ́ funfun dání lọ́jọ́ tí mo lọ ra ìwúkàrà ni, n kì bá sanwó. Dúrọ́ọ̀mù méjì ni mo ní báyìí, ti ewé níwájú ilé, ti Moina lẹ́yìnkùlé, kálukú pẹ̀lú ike ìbomi tirẹ̀.